Ta Ló Gbé Ilé Orí Ọkọ̀ Kúrò Nípò?

Iṣẹ́ igi ni Ayọ̀rìndé fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé e kiri ní agbègbè Adó, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹ wo nǹkan kí ẹ tó gbé ayùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àga, kó lọ wo àga. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ewúrẹ́, kó lọ jókòó ti ewúrẹ́ títí yóò fi mọ bó ṣe ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá fẹ́ dùbúlẹ̀. Kò gbà kí ọmọ kankan gbẹ́ ohun tí kò rí rí. Ó ní irọ́ ni irú igi bẹ́ẹ̀ máa ń pa.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi páànù bo apá kan ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Òkè-Ìlá ní Adó, ó gbé tábìlì ńlá kan síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe àwọn nǹkan kékeré tó jọ nǹkan ńlá. Ó ṣe ṣọ́ọ̀ṣì wọn tòun ti ilé agogo rẹ̀. Ó ṣe tírélà tó ru gẹdú. Ó ṣe ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí Ìjan, èyí tó ti wó tipẹ́, àmọ́ tó ṣì wà lójú rẹ̀ yékéyéké. Ìyàwó rẹ̀, Monínúọlá, tí òun náà ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló máa ń ya fọ́tò wọn tó sì ń gbé wọn sójú fóònù kí ayé lè bá a rí i. Ibẹ̀ ni Ìmọ́lẹ̀olúwa ti rí wọn.

Ọmọ Ìgèdè ni Ìmọ́lẹ̀olúwa. Bàbá rẹ̀, kí ó tó dolóògbé, jẹ́ tíṣà ìṣirò. Tábìlì rẹ̀ àti ti Ayọ̀rìndé ló kọjú síra ní yàrá àwọn tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọbìnrin náà mọ̀wé bíi bàbá rẹ̀. Ó ti kàwé kọjá sókè òkun, ó wà ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè báyìí, ó sì ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ lórí ọ̀ràn ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí Ayọ̀rìndé mọ̀ nípa iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì béèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló pè. "Dádì, ẹ kú uṣẹ́ o," ni ó wí, inú Ayọ̀rìndé sì dùn pé gbogbo òtútù Nọ́wè kò tíì gba "uṣẹ́" àti "ulé" lẹ́nu ọmọ Èkìtì. Ó ṣàlàyé pé àwọn fẹ́ ṣe àfihàn kan lọ́dún tó ń bọ̀, níbi tí oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ yóò ti máa pàtẹ ọkọ̀. Ike tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ni gbogbo èèyàn ń gbé wá síbẹ̀. Òun fẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, tí wọ́n fi igi ṣe. Ọkọ̀ akẹ́rù ni, èyí tó ń kó kọ̀nténà kiri ayé, ṣùgbọ́n kì í jó epo dúdú. Mẹtanọ́ọ̀lù ló ń jó, irú ọtí kan tí èèyàn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, tí wọ́n ń fi agbára afẹ́fẹ́ àti pàǹtírí pò. Àwọn òpó mẹ́rin gíga kan tún wà lórí rẹ̀ tó ń yí bírí bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, tí wọ́n sì ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti fa ọkọ̀ lọ.

Ayọ̀rìndé rò pé èéfín ló ń gba inú àwọn òpó náà jáde. Ìmọ́lẹ̀olúwa ní rárá, afẹ́fẹ́ nìkan ni. Ó tún un ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì. Ayọ̀rìndé dá a lóhùn pé ó ti yé òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti fojú kan òkun láyé rẹ̀, ìgbà tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo Èkó, tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí ilé tí omi yí ká. Síbẹ̀, ó gba iṣẹ́ náà. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Àwòrán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe bíi ti fọ́tò. Ìlà kan báyìí, tí wọ́n ń pè ní líǹkì, ni Ìmọ́lẹ̀olúwa fi sórí Wásáàpù, bí ọwọ́ bá ti kàn án, ọkọ̀ á yọ gedegbe, èèyàn lè fi ìka yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó wo orí rẹ̀. "Ibẹ̀ ni kí Dádì máa wò ó nígbàkígbà," ni ọmọ náà wí. Ayọ̀rìndé jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti ewúrẹ́. Ó wò ó títí ó fi lè di ojú, kó sì máa fọkàn rìn lórí rẹ̀: ibi tí kọ̀nténà ń wà láàárín, àwọn òpó mẹ́rin tó tò tẹ̀léra, àti ní ìdí ọkọ̀ pátápátá, ilé funfun àwọn atukọ̀, alájà mẹ́fà, tó kọ ẹ̀yìn sí omi.

Igi arère ló fi ṣe ikùn ọkọ̀ náà, nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í bá ọ̀bẹ jà. Ó fi igi apá ṣe òkè rẹ̀. Afàrà ló fi ṣe ilé àwọn atukọ̀, fèrèsé rẹ̀ kò ju orí ìṣáná lọ. Bó bá ti di àárọ̀, tí Monínúọlá bá ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà pẹ̀lú sáńpépà lọ́wọ́, yóò máa fi àtàǹpàkò wá ibi tí kò bá dán. Àwọn tó ń kọjá lọ ń yà wò ó. Wọ́n ń bi í léèrè ibi tí ọkọ̀ yìí ń ná, òun náà á sì dá wọn lóhùn pé gbogbo òkun ayé ni.

Monínúọlá ni ó kọ́kọ́ béèrè iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọmọ náà sì ní yóò tó ogún. Ó tún béèrè orúkọ ọkọ̀ náà kó lè kọ ọ́ sí imú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀olúwa ní wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ogún èèyàn lórí agbami, nínú ọkọ̀ tí kò lórúkọ, tí ọtí olóró sì kún ikùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Monínúọlá lára. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ tó tẹ̀lé e, ó dìde, ó sọ ọ́ fún wọn, wọ́n sì gbàdúrà fún àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn tọkàntọkàn. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ìpàdé tí wọn kì í dárúkọ wọn. Nígbà tó yá, àlùfáà náà fi wọ́n kún àdúrà ọjọ́ Ìsinmi, láàárín àwọn aláìsàn àti àwọn tó ń rìnrìn àjò: "àti àwọn ọmọ rẹ tó wà nínú ọkọ̀ aláìléèéfín." Gbogbo ìjọ á ṣe àmín. Ayọ̀rìndé náà á ṣe àmín, orí rẹ̀ á sì wú díẹ̀, torí pé ó dà bí ẹni pé ìbátan òun ni àwọn èèyàn náà.

Báyìí ni nǹkan ń lọ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó ṣí àwòrán náà láti ka fèrèsé, tó sì bá ilé àwọn atukọ̀ ní iwájú.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun ló yí ọkọ̀ náà po. Ó fi ìka dá a padà. Imú ọkọ̀ ni imú ọkọ̀, ìdí sì ni ìdí, iwájú ni ilé wà. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú fóònù. Ó pa á, ó tún un tàn. Iwájú. Lórí tábìlì rẹ̀, ọkọ̀ onígi tó ti fi oṣù bíi mélòó kan ṣe wà níbẹ̀, ilé rẹ̀ ní ìdí, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù náà sì ti gan. Ayọ̀rìndé fa àpótí, ó jókòó. Kò mọ èwo ni kó gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

Ó pe Ìmọ́lẹ̀olúwa. Ojú ń tì í láti béèrè bó ṣe yẹ kó béèrè, nítorí náà ó bù ú sọ: ó ní ilé àwọn atukọ̀ yẹn, iwájú ló wà, àbí? Ọmọ náà wà níbi iṣẹ́, ohùn àwọn èèyàn ń dún lẹ́yìn rẹ̀. "Iwájú ni, Dádì," ni ó wí, ó sì ní òun máa padà pè.

Ayọ̀rìndé fi ọ̀bẹ tú ilé náà kúrò ní ìdí. Ó fara balẹ̀ ṣe é, síbẹ̀ ó mú awọ díẹ̀ dání lára igi apá náà. Ó gbé e síwájú. Kò sọ fún Monínúọlá. Kò rí bí yóò ṣe sọ pé òun tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ láti wo nǹkan dáadáa ni òun wo ọkọ̀ fún oṣù púpọ̀ tí òun rí ilé rẹ̀ ní ìdí nígbà tó jẹ́ pé iwájú ló wà.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òpó mẹ́rin di méjì.

Lọ́tẹ̀ yìí kò pe ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé bóyá méjì ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sọ pé mẹ́rin ni. Tàbí kò sọ bẹ́ẹ̀? Ó gbìyànjú láti gbọ́ ohùn rẹ̀ padà létí, "òpó mẹ́rin gíga," ó sì gbọ́ ọ. Bó ti tún gbìyànjú, ó gbọ́ "méjì," ó sì dà bíi pé òótọ́ ni ìyẹn náà. Ìjayà mú un. Bó ti ṣe ń bọ̀ lọ́nà ọjà lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán ara rẹ̀ wò. Ó ka orúkọ gbogbo ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ṣiṣẹ́, ó rántí wọn. Ó ka orin ìyìn, ó rántí. Ó ka àwọn ọmọ Jékọ́bù, ọ̀kan pòórá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó dúró lẹ́bàá gọ́tà títí ó fi rántí Náfútálì. Nígbà tó dé ilé, àwọn ìgò ràbàtà méjì, funfun, ti yọ ní ẹ̀yìn ọkọ̀ inú fóònù, níbi tí kò sí nǹkan kan lánàá. Àbí ó wà níbẹ̀?

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ìyá rẹ̀. Kí ìyá náà tó kú, ó ti ṣarán dé ibi pé ó ń pe Ayọ̀rìndé ní "ọ̀gbẹ́ni," ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá kí òun láìmọ òun rí. Iṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí Ayọ̀rìndé wà nílé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Olúyẹ́misí, ló wà nídìí ìyá wọn ní Ìjan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nítorí náà ni ó ṣe wọkọ̀ lọ sí Ìjan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ wo igi.

Ó bá Olúyẹ́misí níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ ní ojúlé. Onísùtánà funfun ni Olúyẹ́misí, Aládùúrà tí kì í wọ bàtà nínú ilé ìjọsìn, tí ó sì máa ń ki omi àdúrà sínú àpò bó bá ń lọ sóko. Ó sun iṣu fún àbúrò rẹ̀, ó gbé epo tì í. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa àwọn màlúù tó ń jẹko wọn. Lẹ́yìn náà ni Ayọ̀rìndé bi í léèrè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ṣé orúkọ ló kọ́kọ́ ń gbàgbé?

"Kì í ṣe orúkọ," ni Olúyẹ́misí wí. Kò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀gẹ́. "Ulẹ̀kùn ni. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó ní ta ló ṣí ulẹ̀kùn yàrá òun nípò. Ó ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ ló wà tẹ́lẹ̀. Mo ní, Màmá, ibi tó wà láti ìgbà tí Bàbá ti kọ́ ulé yìí ló wà. Ó wò mí bí ẹni tí mo ń purọ́ fún. Ó ní òun mọ ulé òun."

Iṣu há Ayọ̀rìndé lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu omi fún un, ó sì wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. Ó béèrè ohun tó ń ṣe é. Ayọ̀rìndé ní kò sí. Olúyẹ́misí kò bá a jiyàn. Ó kàn bọ́ bàtà, ó ní kó kúnlẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni Ayọ̀rìndé, kì í kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún àdúrà, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà láàárín èèpo ẹ̀gẹ́, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí.

Láti ìgbà tó ti padà sí Adó, kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́. Ó fi aṣọ bò ó. Ó máa ń jókòó sí ìta, bí Monínúọlá bá sọ̀rọ̀, á wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìtumọ̀ síbẹ̀. Bó bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbìkan, á dúró wo ibẹ̀ pẹ́, kó lè rántí. Monínúọlá rò pé ìnira iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ó rò pé àìsàn ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún un pé òun kò ní dìde níbẹ̀ títí yóò fi sọ ohun tó ń ṣe é.

Ó sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tó ṣípò, ó sọ ti òpó, ó sọ ti ìgò ràbàtà, ó sọ ti ilẹ̀kùn Màmá. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́, bí ó bá di ìgbà tí òun kò mọ̀ ọ́n mọ́, kó má ṣe jẹ́ kí òun máa pè é ní ìyáàfin bí àlejò. Kó máa sọ orúkọ rẹ̀ fún òun láràárọ̀.

Monínúọlá kò sọkún. Ó gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lé orí itan ara rẹ̀, ó sì ní kó gbé fóònù wá. Òun gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, bí ọmọ méjì bá ń jiyàn lórí nǹkan, ohun tí òun máa ń ṣe ni kí òun ní kí wọ́n gbé nǹkan náà wá. Ó pe Ìmọ́lẹ̀olúwa, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ó kí i, ó béèrè àlàáfíà, ó béèrè ìyá rẹ̀ ní Ìgèdè. Lẹ́yìn èyí ni ó wí pé:

"Ìmọ́lẹ̀, ọkọ̀ yìí, ibo ló wà báyìí?"

"Ọkọ̀ wo, Mọ́mì?"

"Èyí tí Dádì ń gbẹ́. Ibo ló wà lórí òkun lónìí? Jọ̀ọ́, bá wa bẹ ẹnìkan nínú rẹ̀ kó ya fọ́tò ránṣẹ́, kí Dádì lè fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ilé wà."

Monínúọlá gbé fóònù náà sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Mọ́mì, kò sí ọkọ̀."

Monínúọlá dìde dúró. "Ó ti rì ni?"

"Rárá o. Kò tíì sí ni. Àwòrán là ń yà lọ́wọ́. Èyí tí Dádì ń wò yẹn, òun gan-an la jọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí lójoojúmọ́. Bí a bá ti ṣí nǹkan nípò níbí, ó ti ṣí nípò lọ́dọ̀ Dádì náà nìyẹn. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ayọ̀rìndé mú fóònù náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ilé yẹn," ni ó wí, "ṣé ó ti wà ní ìdí rí?"

"Ó wà níbẹ̀ dáadáa, Dádì. Wọ́n pa ti mẹtanọ́ọ̀lù tì ni, wọ́n ní amóníà ni kó máa jó. Gáàsì amóníà kò dára kí èèyàn sún mọ́ ọn, ni a fi gbé ìgò rẹ̀ sẹ́yìn, tí a sì gbé ilé síwájú."

"Òpó ńkọ́?"

"Mẹ́rin ni wọ́n tẹ́lẹ̀."

Ó dá fóònù padà fún ìyàwó rẹ̀ láìdágbére. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu omi sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà, títí aládùúgbò fi yọjú láti orí ògiri wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Gbogbo ohun tó rí ló rí. Ó rántí àwọn ọmọ Jékọ́bù méjèèjìlá níbi tó dúró sí, ó kà wọ́n sókè ketekete.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí aṣọ orí ọkọ̀ náà lójú kan náà, ẹ̀rín náà lọ. Kí wá ni ohun tó wà níwájú rẹ̀ yìí? Gbogbo nǹkan tó ti ṣe rí ló ní èyí tó jọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, bó o bá ṣiyèméjì, lọ wò ó. Ilé bàbá rẹ̀ wó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà rí. Èyí kò wà rí, kò sì wà nísinsìnyí. Ó ti fi oṣù púpọ̀ wo nǹkan tí kò sí, ó wò ó dáadáa, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Kò mọ bóyá kó bínú sí Ìmọ́lẹ̀olúwa. Ọmọ náà kò purọ́. Ó ní yóò tó ogún èèyàn, òun ló gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ń fojú bù ú. Ó ní wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Ti Monínúọlá tún le ju tirẹ̀ lọ. Òun ló gbé ogún atukọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rò ó síhìn-ín, ó rò ó sọ́hùn-ún, ó sì rí i pé kò sí bí òun ṣe lè dákẹ́. Ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ó dìde, ó sọ fún wọn pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń gbàdúrà fún, nítorí pé ọkọ̀ gan-an kò tíì sí. Àwọn ìyá náà wo ara wọn. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá a rín in. Ìyá àgbà kan béèrè pé, níbo wá ni gbogbo àdúrà náà gbà lọ? Ẹnìkan ní Hánnà náà gbàdúrà nígbà tí Sámúẹ́lì kò tíì sí. Òmíràn ní Hánnà mọ̀ pé Sámúẹ́lì kò tíì sí, kò lọ dúró níwájú Olúwa kó ní kó wo ikọ́ Sámúẹ́lì sàn. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìparí. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ àlùfáà, àlùfáà sì ronú, ó ní òun yóò lọ wò ó nínú ìwé. Kò tíì dá wọn lóhùn títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó fo ibi ọkọ̀ aláìléèéfín nínú àdúrà, bí ó sì ti fò ó, Ayọ̀rìndé gbọ́ ihò náà láàárín àwọn aláìsàn àti àwọn arìnrìn-àjò. Ó yà á lẹ́nu pé ó dùn òun.

Kò pẹ́ tí Ìmọ́lẹ̀olúwa tún fi pè. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà ti ní kí wọ́n dúró ná. Wọn kò mọ̀ bóyá amóníà ni, bóyá mẹtanọ́ọ̀lù ni, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá àwọn ṣì fẹ́ ọkọ̀ rárá. Àfihàn ń bọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ọkọ̀ onígi náà nìkan ni òun yóò ní lọ́wọ́ láti gbé lọ.

Ayọ̀rìndé béèrè èwo ni kí òun parí nínú gbogbo wọn. Onílé-ìdí ni àbí onílé-iwájú? Olópòó mẹ́rin ni àbí olópòó méjì?

"Èyí tó bá wu Dádì," ni Ìmọ́lẹ̀olúwa wí.

Ìdáhùn yìí ló dà á láàmú ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí nídìí iṣẹ́ igi, òun náà kò sì sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ó ń yí tábìlì náà po. Á gbé ilé síwájú, á wò ó, á ní ó dà bí ẹni tó sá kúrò lọ́dọ̀ ẹrù rẹ̀. Á gbé e sídìí, á rántí gáàsì amóníà, á ní èèyàn yóò ti kú. Á tún rántí pé kò sí gáàsì, kò sì sí èèyàn. Ó bi Monínúọlá, Monínúọlá ní òun ti sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbẹ̀yìn, ó gbé ilé náà sídìí, ó gbé òpó mẹ́rin lé e, ó kun gbogbo rẹ̀ ní funfun àti àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí tó fi yan èyí, kò ní lè sọ. Kò kọ orúkọ kankan sí imú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, Ìmọ́lẹ̀olúwa wá sílé, òun àti ìyá rẹ̀ wá láti Ìgèdè nínú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n yá. Ó ga ju bí Ayọ̀rìndé ṣe rántí rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì jọ ti bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́ẹ̀ pè é ní orúkọ ọkùnrin náà. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n mú un dé ẹ̀yìnkùlé. Ó yí ọkọ̀ náà ká. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti tábìlì, ó ń wo láti imú rẹ̀ lọ sí ìdí. Ó fi ìka tọ́ òpó kan, ó yí, nítorí Ayọ̀rìndé ti fi wáyà sí i nínú kó lè máa yí.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń yà á," ni ó wí. "N kò mọ̀ pé ó rí báyìí."

Ayọ̀rìndé béèrè bóyá wọ́n máa ṣe é lóòótọ́. Ó ní òun kò mọ̀. Ó béèrè bóyá èyí tí òun ṣe yìí tọ̀nà. Ọmọ náà tún ní òun kò mọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Monínúọlá pè wọ́n wá jẹ iyán.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ọkọ̀ onígi náà kò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré wọn. Wọ́n gbé e sọ́tùn-ún, wọ́n gbé e sósì, wọ́n ká àga ẹ̀yìn kan, ó ṣì yọ imú. Ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa, tí kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti àárọ̀, ló wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí wọ́n ká náà, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí itan, ó ní kí wọ́n gbé imú ọkọ̀ onígi náà lé òun níbẹ̀. Wọ́n gbé e lé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó rọra wà á, nítorí kòtò tó wà lọ́nà Ìyìn tí wọ́n máa gbà padà sí Ìgèdè. Wọ́n sì gbéra.